Ìda, Òwú àti Iná NEPA: Ìrírí Mi Lórí Òórùn Dídùn Nínú Ilé

Ọ̀rọ̀ irú ló sọ mí di ẹni tó ń fowó ra òórùn. Ilé tí à ń gbé ní Akóbọ̀, n'Ìbàdàn, kò ní ìpààlà gidi láàárín pálọ̀ àti ilé ìdáná. Ògiri kékeré kan tí kò kan àjà ni wọ́n fi là wọ́n. Bí mo bá da irú sínú epo gbígbóná lọ́sàn-án Sátidé, àlejò tó bá wọlé lọ́jọ́ Mọ́ńdè á ṣì bá a lára ìrọ̀rí àga. Èmi fúnra mi kò gbọ́ ọ mọ́. Ẹni tó bá ń gbé inú òórùn, imú rẹ̀ á ti bá a mulẹ̀. Àbúrò mi obìnrin tó ti London wá kí wa ló sọ ọ́ sí mi lójú: “Àǹtí mi, ẹ má bínú o, ilé yín ń rùn bí ìsọ̀ ẹlẹ́ja ní Bódìjà.” Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí.

Nígbà tó padà sí London, ó fi àbẹ́là olóòórùn kan ránṣẹ́ sí mi. Inú ife gíláàsì ló wà, ó ń ta sánsán bí òdòdó jásímínì. Kì í ṣe pé n kò mọ àbẹ́là. Ta ni wọ́n bí ní Nàìjíríà tí kò mọ̀ ọ́n? Àbẹ́là funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń kán ìda rẹ̀ sórí ìdérí agolo mílíìkì kó lè dúró, tí a fi kàwé ìdánwò WAEC nígbà tí NEPA bá ti mú iná lọ, tí ìyá wa á máa pariwo láti yàrá pé ká pa á ká tó sùn. Èyí tí n kò mọ̀ ni àbẹ́là tí èèyàn ń tàn nígbà tí iná wà, tó jẹ́ pé imú là ń tàn án fún, kì í ṣe ojú.

Ìyá mi náà kò mọ̀ ọ́n. Ó ti Ìjẹ̀bú-Òde dé lọ́jọ́ kan ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ó bá àbẹ́là tó ń jó lórí tábìlì, iná NEPA ń tàn, oòrùn ń ràn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì bọ́ bàtà.

“Àdúrà wo lẹ̀ ń gbà?”

Mo ní kò sí àdúrà kankan, òórùn ni. Ó wo ọkọ mi, ó wo èmi. “Àbí ẹ ti di ará Sẹ̀lẹ́ tí ẹ kò sọ fún mi?”

Kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn jẹ́ ará Sẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan jẹ́ wòlíì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú àwọn àgbà wa, ẹni tó bá tan àbẹ́là lọ́sàn-án gangan, ó ní ohun tó ń bá Ọlọ́run sọ. Títí tí ìyá mi fi lọ lọ́jọ́ náà, kò jókòó síbi tí ẹ̀yìn rẹ̀ á kọ sí àbẹ́là yẹn.

Àṣìṣe tí mo ṣe pẹ̀lú rẹ̀ pọ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tàn án, kò ju ìdajì wákàtí lọ tí mo fi fẹ́ ẹ pa, kó má baà tètè tán. Ahun mi ló kó bá mi. Àárín rẹ̀ nìkan ló ti yọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ibi tó ti yọ́ tẹ́lẹ̀ ló ń yọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo bá tàn án. Ó ń gbẹ́ ihò lọ sísàlẹ̀ bí ẹni ń gbẹ́ kànga, ìda tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì sì dúró gbagidi, kò jó, kò ta òórùn. Bí a bá pín àbẹ́là yẹn sí mẹ́ta, ìdá kan ṣòfò síbẹ̀. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n jẹ́ kó jó lọ́jọ́ àkọ́kọ́ títí ìda fi máa yọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ife yíká. Wákàtí kan ni àwọn tó ń ṣe é máa ń kà fún ínǹṣì kan ìbú ẹnu ife. Tèmi fẹ̀ tó ínǹṣì mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta ló yẹ kí n jókòó tì í. Kò sì yẹ kó ju wákàtí mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan, torí òwú rẹ̀ á gùn, orí rẹ̀ á wú bí olú, iná á ga, á sì máa rú èéfín.

Òwú yẹn gan-an! Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé à ń gé e. Ó yẹ kó kù nǹkan bíi mìlímítà 6 ká tó tún ṣáná sí i. Èmi ń tàn án tòun ti orí dúdú rẹ̀, mo tún wá gbé e sábẹ́ fáànù. Oṣù Kẹta ni, Ìbàdàn ni mo wà, ta ló máa pa fáànù nítorí àbẹ́là? Ahọ́n iná náà ń jó sọ́tùn-ún, ó ń jó sósì, mo tiẹ̀ rò pé ó wuyì. Ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ọkọ mi fẹ́ kun ilé, ló rí i pé igun ògiri tó wà lókè tábìlì yẹn ti dúdú bí ìdí ìkòkò. “Ṣé ààrò lo dá síbí ni?” ló bi mí.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí: iná á yọ́ ìda, òwú á fa ìda olómi náà gòkè, ooru á sọ ọ́ di gáàsì, gáàsì yẹn ló ń jó. Bí afẹ́fẹ́ bá ń da ahọ́n iná rú, kì í jó tán, èyí tí kò jó tán ló ń lọ lẹ̀ mọ́ ògiri. Òórùn tí à ń gbọ́ kò tilẹ̀ ti inú iná wá. Láti ojú ìda yíyọ́ tó dúró bí adágún yí òwú ká ló ti ń jáde. Ọjọ́ tí mo mọ èyí ni mo kọ́kọ́ bi ara mi pé kí wá ni mo nílò iná sí.

Ìbéèrè yẹn kò tíì mú mi pa àbẹ́là tì o. Kọ́tìnì ló mú mi pa á tì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Kẹrin, mo gbé e sẹ́bàá fèrèsé, mo sùn lọ lórí àga. Ìjì tó ṣáájú òjò gbé kọ́tìnì wá sórí iná. Ariwo ọmọ mi kejì, ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà, ló jí mi: “Mọ́mì, kọ́tìnì ń rùn!” Kò tíì di iná ńlá. Etí kọ́tìnì náà ti ká jọ, ó ń rú èéfín, ó ń kán sílẹ̀ bí ọ̀rá tó ń jó. Mo fà á lulẹ̀, mo da omi tó wà nínú ife mi lé e lórí. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Ọkọ mi dé, kò bú mi. Ó kàn mú àbẹ́là náà, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù tí ọwọ́ mi kò tó, bí ẹni ń gbé oògùn pamọ́ fún ọmọdé. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Nígbà tí àbúrò mi gbọ́, ó ní wax melts ni kí n máa lò. Ìda náà ni, wọ́n po òróró olóòórùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò ní òwú nínú. Inú ike pẹlẹbẹ tó ní ojúlé mẹ́fà ló wà, bí èyí tí a fi ń di omi sínú fíríìjì. Èèyàn á kán ègé kan, á fi sínú àwo kékeré tó ń gbóná, ìda á yọ́, òórùn á jáde. Ìda yìí kì í jó, kì í sì í gbẹ. Òórùn rẹ̀ ló ń tán. ‘Ìda’ lásán là ń pè é nílé wa. Ọkọ mi, tí kì í pa ìṣọ́ òru jẹ, ní ọ̀tá lòun mọ̀ tí wọ́n ń ní kó yọ́ bí ìda níwájú iná, òun ò mọ̀ pé èèyàn ń fowó ra nǹkan tó máa yọ́.

Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Houston ń bọ̀ wálé fún Kérésì, òun la ní kó bá wa ra ohun tí a ó fi máa yọ́ ọ. Ó rà á, ó rẹwà: tanganran funfun tí wọ́n dá ihò ìràwọ̀ sí lára, gílóòbù oníwáàtì 25 ló wà nínú rẹ̀ tó ń mú àwo orí rẹ̀ gbóná. Mo kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó tàn wàà, ó dún páà, ó dákẹ́. Fólítì 120 ni iná Amẹ́ríkà. Tiwa jẹ́ 230, bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá ki ohun tí wọ́n ṣe fún 120 bọ 230, agbára tó máa wọ inú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin. Gílóòbù náà ló ṣàánú mi tó tètè bẹ́. Ká ní irú èyí tó ń fi irin gbígbóná yọ́ ìda ni, gbígbóná ni ì bá máa gbóná lọ, èmi ì bá sì ti wà nínú yàrá. Oníṣẹ́ iná àdúgbò wa ní kí n ra gílóòbù 230 sí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹnu rẹ̀ bá ti bá ara mu. Ẹnu rẹ̀ kò bá ara mu. Ó ṣì wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù wa títí di òní, a fi ń kó kọ́kọ́rọ́ sí.

Kí èyí tí àbúrò mi máa rà ní London tó dé, mo ra ọ̀kan tí wọ́n ń ti àbẹ́là kékeré inú páànù bọ̀ lábẹ́ àwo. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi lò ó kí n tó rántí pé iná ni mo sá fún tí mo tún gbé iná wọlé. Àbẹ́là kékeré yẹn ń jó tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, inú ihò ló wà tí ojú kò tètè rí i, ìda gbígbóná sì kún orí rẹ̀ fún ọmọdé láti fà dà sára. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìda kò léwu bí àbẹ́là, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló fi ń yọ́ tirẹ̀.

Ìgbà tí ẹ̀rọ oníná ti London dé ni ara tù mí. Wáàtì 20 ló ń jẹ. Bí a bá tàn án fún wákàtí mẹ́wàá, ìdá kan nínú márùn-ún yúnìítì ló jẹ. Nígbà tí wọ́n sọ owó iná àwọn ará Band A di náírà 225 fún yúnìítì kan ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, mo jókòó ṣírò rẹ̀: náírà 45 fún wákàtí mẹ́wàá, ká tó ka owó ìda mọ́ ọn. Inú mi dùn. Ìdùnnú yẹn kò tọ́jọ́, nítorí àwọn ará Band A ni wọ́n ṣèlérí ogún wákàtí lójúmọ́ fún, àdúgbò wa kò sì sí níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, iná lè dé ní aago mọ́kànlá alẹ́ kó sì lọ ní mẹ́rin ìdájí. Ta ni mo fẹ́ kó máa gbóòórùn ọsàn ní aago kan òru, àwọn ẹ̀fọn? Ínfátà wa lè gbé e, wáàtì 20 kò tó nǹkan, àmọ́ ọkọ mi ka ohunkóhun tó ń gbóná sí ọ̀tá bátìrì. Ìgbà tó bá jáde ni mo máa ń jí i tàn.

N ò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ síǹkì. Mo da ìda tí òórùn rẹ̀ ti tán sínú síǹkì nígbà tó ṣì gbóná, mo ṣan omi lé e, ó lọ dì sínú páìpù. Owó tí oníṣẹ́ páìpù gbà tó ra ìda oṣù mẹ́ta. Báyìí, mo máa ń fi òwú tí a fi ń nu egbò fa ìda náà mu nígbà tó bá yọ́, kí n jù ú sínú pàǹtí, tàbí kí n jẹ́ kó dì, kí n gbé àwo rẹ̀ sínú fírísà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á sì ta jáde lódidi.

Ooru ìlú wa tún ní tirẹ̀. Ìda tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, tó wọ́pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà ní Gẹ̀ẹ́sì, máa ń yọ́ nígbà tí ooru bá tó nǹkan bí 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Inú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn ọ̀sán lè gbóná tó bẹ́ẹ̀. Mo gba àpò ìda kan lọ́wọ́ ẹni tó bá wa gbé e ti London bọ̀, mo jù ú sí búùtù, mo yà síbi ìnáwó kan ní Mọ̀kọ́lá. Ẹ mọ bí ìnáwó ṣe máa ń rí. Mo ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ó di wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí mo ṣí búùtù, fànílà, ọsàn àti lavender ti di ọ̀kan ṣoṣo. (Lavender yìí náà ni àwọn ìyá wa sọ di lọ́fínńdà, tí gbogbo ohun tí a ń fín sára fi ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.) Mo fi ọ̀bẹ gé ìda aláwọ̀ mẹ́ta náà wẹ́wẹ́, a lò ó, òórùn rẹ̀ kò ní orúkọ.

Èyí tó kàn mí lára jù ni ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti sọ pé imú máa ń bá òórùn mulẹ̀. Òórùn dídùn náà kò yàtọ̀. Ègé kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀; nígbà tó ṣe díẹ̀, mi ò gbọ́ ọ mọ́, mo fi èkejì sí i, mo fi ẹ̀kẹta sí i, mo ń bú ẹni tó tà á fún mi pé ayédèrú ni. Ẹ̀gbọ́n mi mú ọmọ rẹ̀ wá, ọmọ tó ní ikọ́ fée. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mí fíì-fíì, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti wà nínú báàgì tó ń wá oògùn tí ọmọ máa ń fà sínú. Ẹ̀gbọ́n mi kò dá mi lẹ́bi. Ó kàn ní, “Bá mi ṣí fèrèsé.” Gbogbo fèrèsé ni mo ṣí, mo gbé ẹ̀rọ náà jáde tòun ti ìda rẹ̀. Dókítà ọmọ náà ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé òórùn líle ni òórùn líle: lọ́fínńdà, oògùn ẹ̀fọn, àbẹ́là, ìda, gbogbo rẹ̀ lè ru ikọ́ fée sókè. Láti ọjọ́ náà, ègé kan ni, wákàtí méjì ni, fèrèsé kan á sì wà ní ṣíṣí. N kì í tàn án sí yàrá tí ọmọdé ń sùn. Bí àlejò bá ń bọ̀ tí n kò mọ bí àyà rẹ̀ ṣe rí, mo máa ń bi í kó tó dé, bí mo ṣe máa ń bi í bóyá ó ń jẹ ata. Ẹni tó bá sì ń sin ológbò, kó yẹra fún èyí tí wọ́n fi òróró tea tree sí; májèlé ni fún ológbò.

Ìyá mi wo ẹ̀rọ ìda náà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i, ó gbọ́n ọwọ́ sókè rẹ̀, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. “Ṣé kì í ṣe tùràrí náà nìyí?” Mo fẹ́ jiyàn, mi ò rí nǹkan sọ. Àwọn obìnrin Hausa ní Sábó ti ń gbé igi olóòórùn sórí ẹ̀yinná kí ẹnikẹ́ni tó ta ìda fún mi. Ẹ̀yinná kò ní ahọ́n iná. Ooru rẹ̀ ló ń lé òórùn jáde. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tùràrí ń rú èéfín, ó sì máa ń wọ aṣọ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń mọ̀ ọ́n lára ẹni tó bá kọjá.

Ṣé irú wá lọ? Kò lọ. Fànílà pàdé irú ní pálọ̀ mi, ohun tí wọ́n jọ bí kò ṣeé ròyìn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe rí, kó bu mílíìkì dídùn sínú ọbẹ̀ ilá. Ti ọsàn sàn díẹ̀. Bíríkìlà ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ mi ní kó mọ ògiri kékeré yẹn kan àjà, wọ́n ṣe ilẹ̀kùn sí i, wọ́n sì fi fáànù tó ń fa èéfín síta sí ògiri ilé ìdáná. Gbogbo owó tí mo ti ná lórí àbẹ́là àti ìda fún ọdún méjì, n kò jẹ́ ṣírò rẹ̀ níwájú ọkọ mi.

Ṣùgbọ́n mo ti fẹ́ràn òórùn dídùn nígbà náà, n kò lè padà sẹ́yìn mọ́. NEPA ló ń bá mi yàn báyìí. Bí iná bá wà, fáànù ń yí, mo ní iṣẹ́ lọ́wọ́ tí n kò ní lè máa ṣọ́ ọ, ìda ni mo máa ń tàn. Fáànù kò lè ṣe é ní nǹkan kan, ó tiẹ̀ ń bá a pín òórùn ká ilé. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń gbé àbẹ́là sọ̀ kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Fáànù ti dúró, kò sí ohun tó máa da ahọ́n iná rú. Mo gbé e sórí táìsì ní àárín pálọ̀, ó jìnnà sí kọ́tìnì, gbogbo wa jókòó yí i ká, ó ń fún wa ní ìmọ́lẹ̀, ó ń fún wa ní òórùn. N kì í dìde níbẹ̀ láìpa á. Bí ìda inú gíláàsì bá kù bíi ìbú ìka kan, mo fi í sílẹ̀, nítorí gíláàsì lè là.

Irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ kan ni ìyá mi bá wa lọ́dún tó kọjá. Kò bèèrè àdúrà mọ́. Ó sún mọ́ ọn, ó ní òórùn rẹ̀ dà bí òdòdó kan tó wà lẹ́yìn ilé wọn nígbà tó wà lọ́mọge. Nígbà tó fẹ́ lọ, mo di àbẹ́là tuntun kan fún un, mo kọ́ ọ bí a ṣe ń gé òwú, mo tẹnu mọ́ ọn pé kó má fi sẹ́bàá kọ́tìnì, ó ń mi orí.

Mo pè é lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi í bóyá ó ti tán kí n tún rán òmíràn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò ṣáná sí i rí. Inú àpótí ló wà, ó fi bébà wé e, ó tì í sáàárín àwọn aṣọ òkè rẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì sì ń bi í pé lọ́fínńdà wo ló ń lò.